Ọjọ́ A Kú Là Á Dère: Bí Arúfin Ṣe Di Àmì Orílẹ̀-èdè ní Niamey

Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, pápá ọkọ̀ òfuurufú Diori Hamani ni yóò balẹ̀ sí. Bí ó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ kejì, pápá ìṣeré Seyni Kountché ni yóò lọ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó sì lè gba títì Djibo Bakary kọjá, èyí tí a ń pè ní títì Charles de Gaulle tẹ́lẹ̀. Orúkọ mẹ́ta nínú ìlú kan. Àlejò tí kò mọ ìtàn lè rò pé ọ̀rẹ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà ayé wọn, tàbí ó kéré tán pé wọ́n jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ kọ́ ilé kan náà.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Diori ni ó fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú Bakary ní 1959, tí ó sì sọ ọ́ di ìsáǹsá káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Kountché ni ó dìtẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ Diori ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1974, tí ó sì jù ú sí àtìmọ́lé. Kountché yìí kan náà ni ó gba Bakary láàyè láti padà wálé, òun náà ni ó sì tún tì í mọ́lé ní 1975. Ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọba lánàá di ẹlẹ́wọ̀n lónìí, ẹni tí ó jẹ́ arúfin lánàá di orúkọ títì lónìí. Lórí pátákó, gbogbo wọn ti parí ìjà.

Àwọn àgbà wa ní, ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. A sábà máa ń fi òwe yìí dá ẹni tí a kò mọyì rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ lọ́kàn le. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ère kì í fọhùn. Ẹni tí ó di ère kò lè dá ẹni tí ó gbẹ́ ẹ lóhùn mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju èyí lọ: orílẹ̀-èdè sábà máa ń gba arúfin mọ́ra ní ọjọ́ tí ẹnu rẹ̀ bá pa mọ́. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí aṣelámèyítọ́ máa bi ìwé, fíìmù tàbí pátákó tí ó bá sọ arúfin di àmì orílẹ̀-èdè ni pé, ṣé ó dá ẹnu rẹ̀ padà fún un, àbí ó dí i pa?

Mo wọ takisí kan ní Niamey lẹ́yìn tí wọ́n ti yí orúkọ títì náà padà. Ọ̀dọ́ ni awakọ̀ náà, Hausa ni a sì fi sọ̀rọ̀. Ó mọ títì Djibo Bakary dáadáa. Nígbà tí mo bi í pé ta ni Djibo, ó ní ènìyàn ńlá kan láyé àtijọ́ ni, tí kò fẹ́ràn àwọn Faransé. Mo tún bi í pé ṣé ó mọ̀ pé ìjọba orílẹ̀-èdè yìí fúnra rẹ̀ wá ọkùnrin náà bí ẹni ń wá olè fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó wò mí nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Baba, bí ó bá jẹ́ arúfin ni, ṣé wọn yóò fi títì sọrí rẹ̀?” Èsì yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ni ó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Orúkọ tí a ń pe arúfin

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún ẹni tí ó bá tako àṣẹ. Arúfin wà, ẹni tí ó rú òfin. Ọ̀daràn wà, ẹni tí ó dá ọ̀ràn. Ọlọ̀tẹ̀ wà, ẹni tí ó ni ọ̀tẹ̀. Ìsáǹsá wà, ẹni tí ó sá. Bí a bá tú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí palẹ̀, a ó rí i pé kò sí èyí tí ó lè dá dúró nínú wọn. Kò sí arúfin níbi tí ẹnì kan kò bá ti ṣòfin. Kò sí ọlọ̀tẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí a ń ṣọ̀tẹ̀ sí. Ojú ẹni tí ó ni àṣẹ ni a fi ń wo ẹni tí a ń pè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a bá wá sọ pé akọni, akíkanjú tàbí ajìjàgbara, ojú mìíràn ni a fi wò ó: ojú àwọn tí ó jà fún. Èyí ni pé ẹnì kan náà lè jẹ́ arúfin kí ó sì jẹ́ akọni ní ọjọ́ kan náà, láìsí pé irọ́ wà nínú ìkankan. Èdè kò rí ìtakora níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ni pátákó ni wọ́n rí ìtakora, tí wọ́n sì ń pa ọ̀kan rẹ́ kí èkejì lè dúró.

Àwa Yorùbá kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Ìtàn àtẹnudẹ́nu tí gbogbo wa mọ̀ sọ nípa ọba Ọ̀yọ́ kan tí ìlú kọ̀, tí ó jáde lọ, tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì ń kígbe pé ọba so. Àwọn olùfẹ́ rẹ̀ dáhùn pé ọba kò so. Sílébù kan ṣoṣo, atọ́ka ìyísódì lásán, ni ó wà láàrin ọba tí ó kú ikú ẹ̀sín àti Ṣàngó tí a ń bọ títí di òní. Ẹ kíyè sí i pé gbólóhùn àwọn olùfẹ́ yìí kò pa gbólóhùn àwọn ọ̀tá rẹ́. Ẹni tí ó bá wí pé kò so ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹnì kan wí pé ó so. Ìyísódì a máa gbé ẹ̀sùn náà kiri pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí àṣà àwọn baba wa ṣe sọ ẹni tí a lé nílùú di ẹni àjúbà nìyẹn, láìfi ìjà náà pa mọ́. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń padà sí Niger.

Sarauniya ti Lougou

Ẹni tí ó kọ́kọ́ di àmì orílẹ̀-èdè Niger lọ́nà tí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà fi mọ̀ ni obìnrin kan tí ó ń jọba ní Lougou, ní agbègbè Dogondoutchi tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Dosso lónìí. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ni à ń pè ní Azna, àwọn tí wọ́n di ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn mú nígbà tí ọ̀pọ̀ aládùúgbò wọn ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Sarauniya kì í ṣe orúkọ àbísọ. Oyè ni, oyè obìnrin tí ó jẹ́ olórí ìlú tí ó sì jẹ́ àwòrò. Mangou ni orúkọ ẹni tí ó wà lórí oyè náà ní 1899.

Ní ọdún yẹn ni ikọ̀ ọmọ ogun Faransé kan, tí Paul Voulet àti Julien Chanoine jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, tí ó ń lọ sí ìhà adágún Chad. Wọ́n ń jó abúlé, wọ́n ń pa ènìyàn, wọ́n ń kó obìnrin lẹ́rú. Ọ̀pọ̀ ìlú tẹríba kí wọn má baà pa run. Lougou kò tẹríba. Ní oṣù kẹrin 1899, wọ́n jà. Ìbọn borí ọfà, àwọn Faransé gba ìlú náà, Sarauniya àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì bọ́ sínú igbó, wọ́n ń jà láti ibẹ̀. Ikọ̀ náà kọjá lọ láìrí obìnrin náà mú. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n pa àwọn ará Birni-N’Konni nípakúpa.

Ní ojú ikọ̀ náà, arúfin ni Mangou: ó kọ̀ láti gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin ta ni ó rú? Ìròyìn ìwà ìkà náà ti dé Paris, ìjọba Faransé sì rán Kọ́nẹ́ẹ̀lì Klobb pé kí ó lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ Voulet. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje 1899, Voulet ní kí wọ́n yìnbọn fún ọ̀gá rẹ̀ yìí, wọ́n sì pa á. Ó kéde pé òun kì í ṣe ọmọ Faransé mọ́, pé òun ti di olórí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fúnra wọn pa òun àti Chanoine. Nítorí náà, bí a bá ń wá arúfin ní 1899, ẹni tí òfin Faransé fúnra rẹ̀ dá lẹ́bi ni aṣáájú ikọ̀ tí ó wá fi òfin múlẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ṣẹ́ kù nínú ikọ̀ náà ń bá ìrìn-àjò lọ, wọ́n gba Zinder kí oṣù náà tó parí, Faransé sì jogún ilẹ̀ tí ọ̀daràn náà fi ẹ̀jẹ̀ gbà fún wọn. Wọ́n kọ ọmọ, wọ́n gba ogún rẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, ìtàn Voulet ni àwọn òpìtàn Yúróòpù ń sọ, bí ìtàn ọ̀gágun tí orí rẹ̀ dàrú nínú oòrùn Áfíríkà. Lougou kò ju ìdúró kékeré kan lọ lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹnu àwọn ará Lougou nìkan ni ìtàn obìnrin náà kù sí.

Ìwé Mamani

Abdoulaye Mamani ni ó yí èyí padà. Ní 1980 ni ilé ìtẹ̀wé L’Harmattan ní Paris gbé ìtàn àròsọ rẹ̀ jáde, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sarraounia. Ó yẹ kí a mọ ẹni tí òǹkọ̀wé yìí jẹ́. Wọ́n bí i ní 1932, ó di ọmọ ẹgbẹ́ Sawaba, ẹgbẹ́ Djibo Bakary tí a ti dárúkọ. Nígbà tí ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà, ó sá kúrò ní ìlú, kò sì padà títí di ìgbà tí ìjọba Diori wó ní 1974. Ẹni tí ó kọ ìwé nípa arúfin 1899 jẹ́ arúfin òmìnira fúnra rẹ̀. A kò lè ka ìwé náà dáadáa bí a bá gbàgbé èyí.

Ohun tí ó jẹ́ ọlá ìwé náà ni pé Mamani kò jẹ́ kí obìnrin náà di ère. Ó fún un ní ẹnu. Ìwé náà gbọ́ ọ, ó gbọ́ àwọn jagunjagun rẹ̀, ó gbọ́ àwọn òfófó inú àgọ́ ikọ̀ Voulet. Pàtàkì jù lọ, kò fi pa mọ́ pé àwọn aládùúgbò Sarauniya kò fẹ́ràn rẹ̀. Lójú àwọn ìjọba Mùsùlùmí tí ó yí i ká, kèfèrí ni, àjẹ́ ni, ìgalà tí ajá gbogbo ń lé ni. Àwọn kan nínú wọn rò pé àwọn òyìnbó ni yóò bá àwọn pa á. Òǹkọ̀wé tí ó fẹ́ kọ ìtàn tí yóò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn ì bá ti yọ abala yìí kúrò. Mamani fi í sílẹ̀, ó sì tipa bẹ́ẹ̀ sọ fún orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí pé abọ̀rìṣà ni akọni wọn, àti pé àwọn baba wọn wà lára àwọn tí ó dá a dá ogun.

Àbùkù náà wà níbẹ̀. Ohùn tí a ń gbọ́ lẹ́nu Sarauniya nínú ìwé náà, nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa iyì àti ìṣọ̀kan, ju ohùn àwòrò Lougou lọ. Mo ń gbọ́ àsọyé olóṣèlú àwọn ọdún 1950 lábẹ́ rẹ̀, ohùn ẹni tí ó ti jókòó nínú ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́. Ohun tí ó jẹ́ ti oyè náà gan-an, èèwọ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń yàn án, àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú òkúta àti igbó Lougou, di ohun ọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ogun. Àkọlé kejì tí ìwé náà ní, tí ó pè é ní ayaba onídán, tún tì í sí ọ̀nà yẹn. Nígbà tí a bá fún ẹnì kan ní ẹnu, ó yẹ kí a máa bi ara wa pé ẹnu ta ni a fún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín fún àwa tí a ń túmọ̀ èdè. Sarraounia tí ìwé náà kọ jẹ́ ìkọsílẹ̀ àwọn Faransé fún ọ̀rọ̀ Hausa. Oyè tí a fi ń pe ọ̀wọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n tẹ̀ léra di orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, bí ìgbà tí àjèjì bá rò pé Aláàfin ni orúkọ àbísọ ọba Ọ̀yọ́. Bí Yorùbá bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Bí a bá sọ pé ayaba tàbí olorì, a ti sọ ọ́ di aya ọba, bẹ́ẹ̀ kò sí ọba kankan ní ilé rẹ̀. Ọba obìnrin ni ó sún mọ́ ọn jù. Olùkọ́ tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí ayaba nínú kíláàsì ti fún un ní ọkọ tí kò ní, ó sì ti fi ọkùnrin kan jókòó sórí ìtẹ́ rẹ̀ láìmọ̀.

Ní 1986, Med Hondo, ọmọ Mauritania, sọ ìwé náà di fíìmù. Ilẹ̀ Burkina Faso ni wọ́n ti yà á, nígbà ìjọba Thomas Sankara, ó sì gba ẹ̀bùn tí ó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù FESPACO ní Ouagadougou ní 1987. Mamani kú nínú ìjàm̀bá ojú pópó ní 1993. Ní 2009, Antoinette Tidjani Alou, onímọ̀ lítíréṣọ̀ ní yunifásítì Niamey, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó bi í léèrè pé báwo ni orílẹ̀-èdè kan ṣe lè máa gbé obìnrin yìí ga nínú ìtàn àròsọ kí ó sì gbàgbé ipò olórí àwọn obìnrin fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìbéèrè rẹ̀ bá tèmi mu: àmì náà ń dán, ẹni náà ń parẹ́.

Sawaba àti pátákó ojú títì

Ẹ jẹ́ kí a wá wo arúfin kejì, èyí tí ó di àmì nípa àṣẹ ìjọba, láìgba ọ̀nà ìtàn àròsọ. Wọ́n bí Djibo Bakary ní 1922 ní Soudouré, nítòsí Niamey. Olùkọ́ ni, ó sì di aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní 1956 ó di olórí ìlú Niamey nípa ìbò, ní 1957 ó di olórí ìjọba abẹ́lé. Nígbà tí de Gaulle ní kí àwọn ilẹ̀ abẹ́ Faransé dìbò ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án 1958, Bakary ní kí àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ pé rárá. Àwọn Faransé fi gbogbo agbára wọn tì í, bẹ́ẹ̀ ni rárá ṣe fìdí rẹmi. Ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún kan lẹ́yìn náà ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀.

Sawaba ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Àwọn tí ń túmọ̀ rẹ̀ sábà máa ń sọ pé òmìnira ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ Hausa mọ̀ pé ìdẹ̀ra àti ìtura wà nínú ọ̀rọ̀ náà, irú èyí tí ẹni tí ó sọ ẹrù wúwo kalẹ̀ ń ní. Klaas van Walraven, òpìtàn ọmọ Netherlands tí ó kọ ìwé ńlá nípa ẹgbẹ́ náà ní 2013, yan ìtumọ̀ yìí fún àkọlé ìwé rẹ̀, ó sì tọ̀nà. Òmìnira jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìjọba lè fi àsíá ṣe. Ìdẹ̀ra yàtọ̀: ẹni tí ó bá ṣèlérí rẹ̀, àgbẹ̀ lè bi í ní ọdọọdún pé dà?

Láti ìgbèkùn, Sawaba kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n kọ́ṣẹ́ ogun ní Gánà, ní Algeria, ní Ṣáínà. Ní 1964 wọ́n gbìyànjú láti wọlé láti ẹnu ibodè, wọn kò rí i ṣe, wọ́n sì pa àwọn kan nínú àwọn tí ọwọ́ bà ní gbangba ní Niamey. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1965, níbi ìrun Iléyá ní Niamey, ẹnì kan ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù sí Diori. Diori yè é. Ọmọdé kan kú.

Ọmọdé yẹn kò sí lórí pátákó. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí a yọ orúkọ Bakary. Ọkùnrin náà sọ pé rárá nígbà tí ó nira láti sọ ọ́, ó sì san owó rẹ̀ pẹ̀lú ìgbèkùn àti àtìmọ́lé, kí ó tó kú ní oṣù kẹrin 1998. Ọlá náà tọ́ sí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé pátákó náà mú gbólóhùn kan péré nínú gbogbo ìwé ayé rẹ̀: pé ó kọ̀ fún de Gaulle. Ìyókù, pé ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ni ó lé e, pé ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ni ó tì í mọ́lé, pé àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ náà fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí. Nígbà tí ìjà bá ku àárín wa àti àjèjì nìkan, ó rọrùn láti fi ẹni tí ó jà á ṣe àmì.

Ní oṣù kẹwàá 2024 yẹn kan náà, wọ́n yọ àwòrán Parfait-Louis Monteil, ọmọ ogun Faransé tí ó rìn láti Senegal dé Tripoli láàrin 1890 àti 1892, kúrò lára ohun ìrántí kan ní Niamey, wọ́n fi àwòrán Sankara rọ́pò rẹ̀. Bí a ṣe rí i, ẹni tí ó gba fíìmù Sarauniya sí ilẹ̀ rẹ̀ àti ẹni tí òǹkọ̀wé Sarauniya tẹ̀ lé wọ ìgboro Niamey ní ọjọ́ kan. Inú mi ì bá dùn délẹ̀ bí kì í bá ṣe ohun mìíràn tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù náà. Ní oṣù kẹwàá 2024, ìjọba ológun tí ó gbàjọba ní oṣù keje 2023 fi ìgbà díẹ̀ gba ẹ̀tọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn mẹ́sàn-án tí wọ́n ní í ṣe pẹ̀lú ìjọba tí ó wó. Ní oṣù kẹta 2025, ó tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká. Ọkùnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì, ẹgbẹ́ òṣèlú tí a fòfin dè ni ó kó ìyà rẹ̀. Ọwọ́ tí ń fi arúfin àná ṣe ọ̀ṣọ́ ni ó ń kọ orúkọ arúfin tòní sílẹ̀. Bí Bakary bá lè fọhùn, kí ni yóò sọ nípa àṣẹ oṣù kẹta 2025? Ìbéèrè yìí ni ère kì í lè dáhùn, ìdí sì nìyẹn tí a fi fẹ́ràn ère.

Niger nìkan kọ́ ni ó ṣe èyí, ìjọba yìí nìkan sì kọ́. Mano Dayak, aṣáájú àwọn Tuareg tí wọ́n gbé ìbọn sí ìjọba, kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú ní oṣù kejìlá 1995. Orúkọ rẹ̀ ni pápá ọkọ̀ òfuurufú Agadez ń jẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àwa náà ńkọ́?

Kí ó má baà dà bí ẹni pé ojú àlejò ni mo fi ń wo ilé onílé, ẹ jẹ́ kí a wo owó náírà ọgọ́rùn-ún. Àwòrán Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó wà lára rẹ̀ láti 1999. Ní oṣù kẹsàn-án 1963, ilé ẹjọ́ dá ọkùnrin kan náà lẹ́bi ọ̀tẹ̀ sí ìjọba, ó rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Lára ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n rán àwọn ènìyàn lọ kọ́ṣẹ́ ogun ní Gánà, ilẹ̀ kan náà tí àwọn ọmọ Sawaba ń lọ ní àwọn ọdún yẹn. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1966. Mélòó nínú àwa tí a ń ná owó náà ni ó rántí ẹjọ́ yẹn? Owó náà ní àwòrán, ó ní orúkọ, kò ní ẹjọ́.

Ìyàtọ̀ kan wà, òun ni ó sì fún mi ní ìrètí. Awólọ́wọ̀ jáde, ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, ó kọ ìwé púpọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ẹnu rẹ̀ lè gbọ́ ọ. Bakary náà kọ ìwé ìrántí ayé rẹ̀, ó jáde ní Paris ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́. Awakọ̀ takisí tí mo bá sọ̀rọ̀ kì í ka Faransé.

Iṣẹ́ olùkọ́

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́ èdè. Ìwé òfin tuntun tí Niger gbé jáde ní oṣù kẹta 2025 sọ Hausa di èdè orílẹ̀-èdè, ó fi Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sí ipò èdè iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ràn èdè Áfíríkà yóò fi ọkàn rere gba ìròyìn yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ èdè di ti orílẹ̀-èdè, tí a kò sì kó ìjà inú ìtàn sínú rẹ̀, òun náà ti di ère nìyẹn. Ohun tí ọmọ ilé ìwé ní Dosso àti ní Zinder nílò ni pé kí ó lè ka Sarauniya ní Hausa àti ní Zarma, kí ó ka ọ̀rọ̀ Bakary ní èdè tí ìyá rẹ̀ gbọ́, kí ó sì ka ọ̀rọ̀ àwọn tí ó bá a jà pẹ̀lú.

Nínú kíláàsì tèmi, ohun tí mo ń ṣe kò le. Mo ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbogbo orúkọ tí a ti pe ẹnì kan rí sí ojú pátákó: ọlọ̀tẹ̀, ìsáǹsá, kèfèrí, akọni, bàbá orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀ àti ọdún tí ó pè é. Wọn kì í pẹ́ rí i pé orúkọ yí padà nígbà tí ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀kì yí padà, nígbà tí ìwà ẹni tí a ń sọ wà bí ó ṣe wà. Ọmọ tí ó bá ti mọ èyí, bí ó bá tún gbọ́ tí rédíò pe ẹnì kan ní ọ̀daràn, yóò kọ́kọ́ béèrè pé ta ni ó ń sọ̀rọ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kò sí ọ̀daràn láyé, tàbí pé gbogbo ẹni tí ó bá gbé ìbọn ni akọni. Voulet náà rú òfin, kò sì sí ẹni tí yóò fi í sọrí ọmọ. Ohun tí ó ya arúfin kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ni ohun tí ó torí rẹ̀ rú òfin náà, àti ẹni tí ó san gbèsè rẹ̀. A kò lè mọ ìkankan nínú méjèèjì bí a kò bá gbọ́ ẹjọ́ náà délẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Mo padà gba títì Djibo Bakary kọjá láìpẹ́ yìí, ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọ sílé, wọ́n ń ti ara wọn, wọn kò wo òkè rárá. Mo dúró, mo ka pátákó náà bí ẹni pé mi ò tíì rí i rí. Orúkọ ni, kò sí nǹkan mìíràn lára rẹ̀. Mo ronú kan awakọ̀ tí ó bi mí pé ṣé a lè fi títì sọrí arúfin. Mi ò dá a lóhùn ní ọjọ́ yẹn, nítorí pé a ti dé ibi tí mò ń lọ. Bí mo bá tún pàdé rẹ̀, n ó sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, a lè ṣe é, ó sì dára kí a ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé pé ó rú òfin, ẹ má sì dákẹ́ bíbéèrè òfin ta ni. Àwọn baba wa kò sọ pé ọba sùn. Wọ́n sọ pé ọba kò so, àríyànjiyàn náà sì wà lẹ́nu wa títí di òní.